Ṣòkòtò Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Tú Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn: mo ń fi ìyá mi yangàn, n kò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó di etí rẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá mi ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, abẹ́ fèrèsé náà sì ni máṣíìnì wọn wà, torí wọ́n ní iná mànàmáná máa ń purọ́ nípa àwọ̀ òwú. Tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ gba ìdajì yàrá, àwa ọmọ sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá láìkan sísọ́ọ̀sì. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, ó ṣì máa wà níbẹ̀, ìgbà míràn ẹnu rẹ̀ á ti wọnú àwo ọbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọ̀wọ̀ fún wọn á fi Àǹtí kún un.

Àtúnṣe ni wọ́n fi gba orúkọ. Aṣọ tó ya, aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó, aṣọ tó ti fún olówó rẹ̀ pinpin: bí ìyá mi bá ti fọwọ́ kàn án, kí o wá ojú àtúnṣe náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, o ò ní rí i. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ti gbìn ín sí wọn lọ́kàn pé aṣọ kò gbọdọ̀ dójú ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, gbogbo ṣòkòtò tó bá máa jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n máa ń fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ojú ìrán rẹ̀ lẹ́yìn, níbi ìbàdí. Bí ara oníbàárà bá pọ̀ sí i, wọ́n á tú òwú ibẹ̀, wọ́n á fa aṣọ náà jáde díẹ̀, wọ́n á rán an padà, wọ́n á lọ̀ ọ́. Oníbàárà á wọ̀ ọ́ lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá mi pé, "Ha, ẹ mà ti tóbi o."

Bàbá mi wá ńkọ́? Akunlé ni wọ́n, àwọn ilé gíga ni wọ́n ń kùn ní ọ̀dà. Bàbá Alákàbà ni wọ́n ń pè wọ́n níbi iṣẹ́, nítorí pé àkàbà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń wò tí ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n, bàbá mi ló ń gùn ún, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lọ́wọ́ kan, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Apá wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ikùn! Ikùn bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, àwọn fúnra wọn á wá tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá jókòó, wọ́n á gbé ife omi lé e lórí, ife náà kò sì ní mì.

Ẹ má dán an wò kí ẹ sọ fún wọn pé wọ́n sanra. "Èmi? Ẹ wo apá mi!" Wọ́n á na apá náà síta bí igi ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rí ńlá á wá jáde: "Ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbéyàwó nìyí. Kò fún mi, kò sì ṣò mí lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra tuntun lọ́dọọdún lẹ wá ń pè mí ní oníkùn ńlá!" Wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n sọ ọ́ fún àna wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìyá mi á tẹrí ba sídìí máṣíìnì, wọ́n á máa wa ẹsẹ̀ rẹ̀ kíkankíkan.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí bàbá mi bá ti bọ́ ṣòkòtò fún fífọ̀, tí ìyá mi sì rí i pé ó ti ń fún, wọ́n á tú u kó tó dórí okùn. Nígbà tí aṣọ inú ojú ìrán tán pátápátá, wọ́n lọ wá irú aṣọ kan náà, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì rán an mọ́ ẹ̀yìn ṣòkòtò níbi tí bẹ́líìtì á bò. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún bàbá. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

"Kí n sọ kí ni? Ṣé kí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán wá dójú ti bàbá ẹ ni?"

Ìfẹ́ nìyẹn o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òun náà ló sì kù díẹ̀ kó pa bàbá mi.

Ògiri ilé ìwé kan ni wọ́n ń kùn. Bàbá mi ti gòkè tán nígbà tí òòyì kọ́ wọn. Àyà wọn há gádígádí, búrọ́ọ̀ṣì já bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ àkàbà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ló gòkè lọ bá wọn, tí wọ́n rọra ń gbé ẹsẹ̀ wọn lé ibi ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọdé nírìn, títí tí wọ́n fi kanlẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní, "Bàbá Alákàbà, ẹ má bínú. Ẹ ò ní gun àkàbà kankan níbí mọ́, àfi tí dókítà bá sọ pé ara yín gbà á."

Bàbá mi bínú délé. Wọ́n ní bóyá àwọn á wá máa jókòó sílẹ̀, kí àwọn máa po ọ̀dà fún àwọn ọmọ àná. Wọ́n rò pé mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo rí i bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àyà wọn lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà náà kò ju ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó fi jẹ́ pé èèyàn á sún mọ́ ọn kó tó gbọ́. Ó wé aṣọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá bàbá mi, ó fún un, ó wò ó. Ó tún un ṣe, ojú rẹ̀ kò sì tú ká.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. Ikùn yìí ńkọ́? Láti ìgbà wo ló ti tóbi tó báyìí?"

"Ikùn wo? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ọ̀dọ́ mi." Bàbá mi na apá wọn síta. "Ìran wa ni. Ṣòkòtò ìgbéyàwó mi ló wà nídìí mi yìí, dókítà. Ẹ bi ìyàwó mi."

Dókítà wo apá tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó wo ṣòkòtò, ó wá ń mi orí díẹ̀díẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé kò yí padà láti ìgbà yẹn, á jẹ́ pé mo máa kọ́kọ́ wá ìdí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí lọ síbòmíràn."

Ó ti mú bírò. Ìyá mi dìde.

"Ẹ dúró, dókítà." Wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Bàbá mi dìde, wọ́n rò pé ìyá mi fẹ́ fi àwọn yangàn ni. Ìyá mi tú bẹ́líìtì, wọ́n sì yí ẹ̀yìn ìbàdí ṣòkòtò náà síta kí inú rẹ̀ hàn.

"Ẹ wo ibí. Òwú ọjọ́ ìgbéyàwó nìyí, ó ti ṣá. Ibi tí mo kọ́kọ́ tú nìyí. Ibi tí mo tún tú nìyí. Èyí tó wà láàárín yìí, aṣọ mìíràn ni, mo rán an mọ́ ọn ni. Ikùn wọn ò wà bó ṣe wà. Ó ń tóbi, èmi sì ń fẹ ṣòkòtò tẹ̀ lé e. Wọn ò mọ̀. Èmi ni."

Bàbá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn ṣòkòtò náà, wọ́n ń fi ìka wá a bí afọ́jú. "Aránṣọ," ni wọ́n wí.

Ẹ fara balẹ̀ rò ó wò. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ bí ojú ìrán kò ṣe ní hàn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yí i síta lójú àlejò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá jókòó kí dókítà máa wá ohun tí kò sọnù kiri. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì mú téèpù wá. Kí nọ́ọ̀sì tó dìde, ìyá mi ti yọ tiwọn lọ́rùn, wọ́n sì ti fi yí bàbá mi ká, nísàlẹ̀ ikùn.

"Rárá, màmá," ni dókítà wí. "Ibi tí ṣòkòtò ń jókòó sí nìyẹn. Ikùn ti gba òkè rẹ̀ yọ síta. Ẹ gbé e sókè, kó gba ìtòsí ìdodo. Bàbá, ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé."

Bàbá mi tú ikùn sílẹ̀. Ìyá mi wo nọ́ńbà orí téèpù, wọ́n tún un wò, ẹnu wọn ò lè padé. Gbogbo ọjọ́ yìí, àwọn fúnra wọn tó ń fẹ ṣòkòtò náà kò mọ bí ikùn ṣe tó.

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. "Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ, bíi ti itan, kì í sábà dáni láàmú tó ti inú ikùn. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó wé mọ́ ìfun, tó wé mọ́ ẹ̀dọ̀, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èròjà yẹn á sì máa da inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láàmú. Ara iṣan nínú lọ́hùn-ún, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó yẹ kí iṣan máa fẹ̀ nígbà tí ara bá fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gun àkàbà. Tiyín ti ń le, bàbá. Kì í fẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ọ̀rá náà á sì tún máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ọkàn yín ló wá ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ kọjá. Bí ọ̀kan bá lọ dí pa lọ́jọ́ kan, ti ọkàn tàbí ti ọpọlọ..." Kò parí rẹ̀.

"Apá mi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́?" ni bàbá mi bi í, ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

"Apá yín ò lè ṣẹlẹ́rìí fún ikùn yín, sà."

Ìyá mi ló béèrè ohun tí gbogbo wa fẹ́ gbọ́. "Ṣé iṣan náà lè rọ̀ padà?"

"Ó lè rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí ikùn bá ṣe ń fà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ara iṣan á máa balẹ̀. Ẹ lo oògùn yìí, ẹ má fò ó. Ẹ máa rìn. Ẹ dín nǹkan dídùn kù, ẹ dín nǹkan dídín kù, ẹ dín iyọ̀ kù. Tẹ́ ẹ bá padà wá, tí mo rí i pé ó ti yí padà, èmi fúnra mi ni màá bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Bí kò bá yí padà, mi ò lè buwọ́ lù ú kẹ́ ẹ máa gòkè."

Ilé ni bàbá mi ti rí ohùn wọn padà. "Gbogbo ayé ni mo ti sọ fún! Gbogbo ayé! O jẹ́ kí n máa purọ́ kiri bí òpònú!"

"Ẹ bínú, ó tọ́ sí mi," ni ìyá mi wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. N ò ní tú ṣòkòtò yín mọ́. Bó bá fún, kó fún. Bí kò bá wọlé, ẹ so aṣọ mọ́dìí. Ẹ̀yin ń gun òkè, èmi jókòó sílé, mò ń rán ikú mọ́ yín lára, mo tún ń lọ̀ ọ́ kó dán! Ó tó!" Wọ́n wá bú sẹ́kún. Mi ò rí ẹkún ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí wọn, inú sì bí mi sí wọn débi pé mo ti yàrá jáde.

Ìbínú ló kọ́kọ́ mú bàbá mi rìn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí. Wọn kò fẹ́ jókòó sílé gbọ́ ìró máṣíìnì, nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n á jáde láìsọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá mi náà á wọ bàtà, wọ́n á tẹ̀ lé wọn lókèèrè, téèpù lọ́rùn, torí bóyá òòyì lè tún kọ́ wọn lójú ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò rò pé obìnrin mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀. Ìyá aládùúgbò wa kan tiẹ̀ ké láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé, "Àǹtí Aránṣọ, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o!"

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí bàbá mi tó dúró sórí òkè tó lọ síbi táńkì omi. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò wẹ̀yìn. "Tó o bá fẹ́ bá mi rìn, wá bá mi rìn. Kí lò ń ṣe lẹ́yìn mi bí ọlọ́pàá?" Ìyá mi sáré bá wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọn á fi délé.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé wa. Bàbá mi béèrè ibi tó lọ, ìyá mi ní ó lọ ṣètò ibi tí ikùn máa dé sí. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja tí wọn kò dín ló gba orí tábìlì. Bàbá mi á máa jẹ ẹ̀fọ́, wọ́n á máa kérora, wọ́n á ní àwọn ti di ewúrẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó lọ geerege. Níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà nílẹ̀, ìtìjú ń mú wọn ra búrẹ́dì àti ẹran díndín jẹ ní kọ̀rọ̀, ṣòkòtò sì fún wọn jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n ká ṣòkòtò náà sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ òpópónà kejì pé kó bá àwọn tú u kó fẹ̀.

Aránṣọ náà kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá Alákàbà, ẹ foríjì mí. Àǹtí ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Wọ́n ní ẹni tó bá tú ṣòkòtò ọkọ àwọn, àwọn àti onítọ̀hún ni."

Bàbá mi lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ìyẹn náà ṣẹ́jú, ó ní òwú òun tán. Òmíràn tún sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ máa rìn. Kò sí aránṣọ kan tí ìyá mi kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá mi gbé ọ̀rá náà padà wálé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wo ìyá mi, ìyá mi náà wò wọ́n. Ni bàbá mi bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, ìyá mi náà sì bá wọn rín in. Ibẹ̀ ni ìjà náà parí sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn mú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń rìn láàárọ̀, wọ́n tún ń rìn nírọ̀lẹ́, oògùn wọn kò sì yẹ̀. Nígbà tó yá, ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lára wọn. Wọ́n wá síwájú tábìlì bí oníbàárà, wọ́n ní, "Aránṣọ, mo gbé iṣẹ́ wá. Bá mi gbà á wọlé." Ìyá mi mú òwú pupa, wọ́n sì rán an lójú síta, gbàgàdà, níbi tí ẹni tó wà ní ìkángun òpópónà á ti rí i.

"Kí lèyí?" ni bàbá mi bi wọ́n.

"Kí n má bàa tún fi nǹkan pamọ́ fún yín ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá mi ló wọn ikùn náà, níbi ìdodo, bí dókítà ṣe kọ́ wọn. Dókítà fún aṣọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, ó tún un ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa, àyẹ̀wò ọkàn tí àwọn ṣe dára, bàbá sì lè gun àkàbà, ṣùgbọ́n oògùn kò gbọdọ̀ dúró, ìrìn kò gbọdọ̀ dúró. Ìyá mi bi í pé ṣé ó dá a lójú pé nǹkan kan kò ní ṣe wọ́n lókè. Dókítà kò purọ́ fún wọn. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ìlérí yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara wọn gbà á báyìí." Ìyá mi kò sùn dáadáa títí ọjọ́ iṣẹ́ fi pé.

Lọ́jọ́ náà, ìyá mi ní àwọn á bá bàbá dé ibi iṣẹ́, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Ògiri funfun gíga kan ni, wọ́n ti gbé àkàbà tì í. Bàbá mi kò kọ́kọ́ lọ sídìí rẹ̀. Wọ́n pe ọ̀gá àti gbogbo àwọn ọ̀dọ́ jọ.

"Ẹ rántí ṣòkòtò tí mo máa ń fi yangàn fún yín? Irọ́ ni. Ìyàwó mi yìí ló ń fẹ̀ ẹ́ kí ojú má bàa tì mí. Nígbà tó sì rí i pé ikú ló fẹ́ gbé mi lọ, ó tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ síta níwájú dókítà, ojú sì ti òun dípò mi. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí ní Alákàbà. Nínú èmi àti obìnrin yìí, ta ló láyà?"

Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó máa bọ́ kí gbogbo wọn rí i pé ìyá mi ni wọ́n ń sọ.

Ìyá mi kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yin àwọn. Wọ́n rìn lọ sídìí àkàbà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ṣinṣin.

"Ẹ gòkè lọ jàre," ni wọ́n wí. "Ọ̀dà ń gbẹ."